Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wo aṣálẹ̀ Big Bend, omi ni kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò

 

Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ló ń lọ lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Bí ọlidé bá dé, àwọn ọmọ a ní ká wọ mọ́tò ká lọ ṣe fàájì. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ń lọ ni Big Bend, ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1944, níbi tí odò Rio Grande ti pààlà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Òkè wà níbẹ̀, ẹranko wà, ìràwọ̀ sì máa ń kún ojú ọ̀run lóru. Ó dára láti rí. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ni. Ó fẹ̀ ju 800,000 éékà lọ, ìrìn mọ́tò láti Houston lé ní wákàtí mẹ́jọ, ọsibítù tó sì sún mọ́ ọn wà ní ìlú Alpine, nǹkan bíi 100 máìlì sí ọ́fíìsì àgbà ọgbà náà. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni fóònù kò ti ní lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: níbi tí ọsibítù bá jìnnà sí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan ń fẹsẹ̀ rìn nínú ọgbà yìí pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀. Ooru ọjọ́ náà dé 119 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 48 lórí ìwọ̀n Celsius. Ara ọmọ náà kò gbà á mọ́, ó dákú. Ọkọ ìyá rẹ̀ padà sídìí mọ́tò láti wá ìrànlọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n sì ń gbìyànjú láti gbé àbúrò rẹ̀ bọ̀. Ọmọ náà kú lójú ọ̀nà. Mọ́tò tí ọkùnrin yẹn ń wà já wọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun náà kú. Òkú méjì nínú ẹbí kan, lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí ooru aṣálẹ̀ fi burú báyìí? Nílé wa, òógùn máa ń ṣàn, a sì máa ń rí i pé omi ń kúrò lára. Atẹ́gùn aṣálẹ̀ gbẹ bíi ti ọyẹ́, ó ń fa òógùn gbẹ kó tó ṣàn. Ẹ ó rò pé ẹ kò làágùn, bẹ́ẹ̀ omi ń tán lára yín. Ẹ̀yin àgbà, bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ sí i, òùngbẹ kì í tètè gbẹni mọ́. Ọmọdé ní tirẹ̀, ara rẹ̀ tètè ń gbóná, eré kì í sì í jẹ́ kó rántí omi.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nìyí:

1. Ẹ gbé omi tó pọ̀. Àwọn alábòójútó ọgbà náà ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píọ́ wọ́tà mẹ́jọ. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹ fi ìpápánu oníyọ̀ díẹ̀ tì í.

2. Ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó lọ, pàápàá bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá jẹ́ irú èyí tó ń múni tọ̀ léraléra, tàbí bí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ máa wọn omi mu nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró o. Ínsúlíìnì àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, inú kúlà ni kó wà, kó má sì fara kan yìnyín.

3. Ẹ yan àsìkò. Oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ló máa ń gbóná jù. Ìgbà òtútù sàn fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ mú súwẹ́tà dání nítorí òru. Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ rìn, kẹ́ ẹ sì ti wà níbòòji kí ọ̀sán tó pọ́n.

4. Ẹ rọ epo kún táǹkì. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà ní títì, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi tíì, ìrìn parí nìyẹn. Ẹ mú un lọ síbòòji, kó sinmi, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ń rìn bí ọ̀mùtí tàbí tó dákú, ẹ má pè é ní ibà. Parasitámọ̀ kò ràn án. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára látorí dé ẹsẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ. Bí yìnyín bá wà, ẹ fi sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Ẹni tó dákú, ẹ má fi ṣíbí la eyín rẹ̀, ẹ má bu omi sí i lẹ́nu; omi lè gba ọ̀nà èémí. Ẹ pe 911. Bí fóònù ò bá lọ, kí ẹnì kan fara balẹ̀ wakọ̀ lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà, kí àwọn tó kù má dẹ́kun omi dídà.

Bí ọmọ bá ní omi tó wà ní búùtù ti pọ̀ jù, ẹ̀yin ìyá, ẹ má dá a lóhùn. Àjò kì í dùn kí onílé má padà sílé.