Àtúnṣe Ìbọn Yàtọ̀ sí Àyípadà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó fi ìlú Bìní àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọdẹ ni àwọn kan nínú wọn sì fi ń jẹun. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Siluko jáde kúrò nínú ìlú kò ní pẹ́ dé ibi tí oko àti igbó ti pàdé, níbi tí ọ̀yà àti òkété ti ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Nígbà tí ìbọn irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbó, tí agbára rẹ̀ kò sì ká tuntun, ó di dandan kí ó ronú bóyá kí ó tún ti àtijọ́ ṣe.

Títún ògbólógbòó ìbọn ṣe kò burú. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ìdí igi tí ó là ṣeé pààrọ̀, ìdè tí ó dẹ̀ ṣeé fún le, ibi ìtaná tí ó dí sì ṣeé là. Olúwa rẹ̀ mọ ìwà ìbọn náà, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àtúnṣe, ọ̀tọ̀ ni àyípadà. Àwọn ọdẹ kan a máa bẹ alágbẹ̀dẹ pé kí ó sọ ṣakabùlà di ìbọn tí ń yin kátíríìjì. Ewu ńlá ni èyí. Agbára ẹ̀tù inú kátíríìjì ju ti ẹ̀tù dúdú tí à ń kì lẹ́nu ìbọn lọ púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ páìpù omi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìbọn náà, ó lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, kí ojú tàbí ìka sì bá a lọ.

Òfin pẹ̀lú kò fojú kan náà wo méjèèjì. Òfin ìbọn ọdún 1959 ya ìbọn tí à ń kì lẹ́nu sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn oníkátíríìjì, ó sì ka iṣẹ́ ṣíṣe ìbọn àti àtúnṣe rẹ̀ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìtọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n jura fún ọdún 10 ó kéré tán.

Àlejò ní láti ṣọ́ra ju onílé lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ní Uromi ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó yìí kan náà, ó kéré tán arìnrìn-àjò 16 ni àwọn èrò pa nígbà tí wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn. Ọdẹ tí ń lọ ṣọdún nílé ni wọ́n. Ìwà ìkà gbáà ni, kò sì sí àwáwí fún un. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a dojú rẹ̀ kọ òun?

Nítorí náà, kí ọdẹ kọ́kọ́ mú ìwé rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ó tó mú ìbọn lọ sí ibi àtúnṣe. Ó sì tọ́ kí àwọn aláṣẹ jẹ́ kí ìwé náà rọrùn láti gbà, kí wọ́n sì fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbàṣẹ han gbogbo ènìyàn. Ẹran tí ó bọ́ lónìí lè tún padà wá lọ́la. Ojú tí ó bá fọ́ kì í padà.