Ọmọ Tí A Kò Kọ́ Ni Yóò Ta Irà Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́

Ní ọdọọdún, nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa a máa gbé ìwé pẹlẹbẹ kan dání, tí a kọ ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹranko igbó sí. Wọn a kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ orin: ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ mélòó ni ó wà ní Nàìjíríà? Ọmọ tí ó bá dáhùn pé 7 ti gba òdo, nítorí pé ìjọba ti fọwọ́ sí 10 mìíràn ní ọdún 2020, Oba Hills ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà nínú wọn.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọ kan náà, tí ilé baba rẹ̀ wà ní Festac Town, kí ẹ bi í léèrè pé igi wo ni ó hù sínú odò ẹ̀yìn ilé wọn, ẹja wo ni ó ń dàgbà níbẹ̀, ibo sì ni omi òjò ń gbà lọ sí ọ̀sà. Yóò máa wò yín lójú ni. Ẹ̀rù sì ń bà wá pé bí ẹ bá bi baba rẹ̀, òun náà yóò máa wò yín lójú.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Àwórì. Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ni pé Olófin Ògúnfúnmínire tẹ̀ lé àwo kan tí ń léfòó lórí omi, títí àwo náà fi rì, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dó sí agbègbè yìí. Omi ni ó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Lónìí, àwa ọmọ wọn ń ta ojú omi náà.

Festac Town kò ti ojú ọ̀run bọ́. Ìjọba ológun ni ó kọ́ ọ sí ẹ̀bá odò tí ó lọ sí Àgbádárìgì, kí ó lè gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February 1977. Nǹkan bí 16,000 ènìyàn ni ó kópa nínú rẹ̀, láti orílẹ̀-èdè 56. Àwọn tí ó ya àwòrán ìlú náà la òpópó gbọọrọ àti ojú àgbàrá, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ilé àti ilé. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, àti irà tí ó yí ìlú náà ká, ni ojúkòkòrò ń jẹ lónìí.

Irà kì í ṣe ilẹ̀ òfò. Igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ akàn, ni ó ń di ẹrẹ̀ mú kí omi má baà wọ́ ọ lọ. Láàárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja, ede àti akàn ti ń sá pamọ́ kí wọ́n tó dàgbà bọ́ sí ọ̀sà. Bí a bá gé igi náà, apẹja tí ó wà ní ibi jíjìn yóò fa àwọ̀n òfìfo wálé, kò sì ní mọ ẹni tí ó ṣe é. Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀, irà a máa fa omi mu bí kànìnkànìn, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ sí Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù July 2011, ó pa ènìyàn, ó sì wọ ilé olówó àti ilé tálákà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí omi ì bá sá sí, ilé ni ó bá níbẹ̀.

Báwo ni irà ṣe ń lọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ké? Pulọ́ọ̀tì kan lónìí, pulọ́ọ̀tì méjì lọ́la ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan pé kí a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ohun tí yóò dé bá ilẹ̀, omi àti ènìyàn, bí irà ẹ̀gbà tí a fẹ́ sọ di ilẹ̀ ilé bá tó hẹ́kítà 50. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, nǹkan bí 15 ni ó wà nínú hẹ́kítà kan. Hẹ́kítà 50, nígbà náà, jẹ́ nǹkan bí pulọ́ọ̀tì 750. Bí ènìyàn 750 bá da iyanrìn sí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, gbogbo irà náà yóò tán, àtòkọ dandan yẹn kò sì ní kan ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ihò yìí ni olè ń gbà wọlé.

Bí a bá sì béèrè ẹni tí ó yẹ kí ó dí ihò náà, olúkúlùkù yóò na ìka sí ẹnì kejì. Ilẹ̀ Festac wà lọ́wọ́ àjọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní ti odò, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a ní ọjọ́ 5 oṣù January 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ọ̀nà omi abẹ́lé. A kò bá àwọn adájọ́ jà. Òfin tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Òfin náà ni ó yẹ kí a yí. Ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin yóò ha lọ sí Àbújá kí ó tó rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bí? Kì í ṣe nítorí èyí ni àwọn aṣáájú wa fi jà títí Ìwọ̀-Oòrùn fi gba ìjọba ara-ẹni ní ọjọ́ 8 oṣù August 1957.

Àwọn kan yóò wí pé ènìyàn ń pọ̀ sí i ní Èkó, níbo ni kí wọ́n sùn? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Tálákà tí ó ra pulọ́ọ̀tì nínú irà kò wá pa odò. Owó rẹ̀ ni kò ká ilẹ̀ líle. Ṣùgbọ́n òun náà ni omi yóò kọ́kọ́ lé jáde, ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún un kò sì ní dá owó padà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí ó yẹ ni kí ìjọba kọ́ ilé alájà sórí ilẹ̀ tí ó ti le, kí ó sì la ọ̀nà dé ibi tí ilẹ̀ gbé wà. Ó ṣeé ṣe: láti oṣù September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Mile 2 dé Marina.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ òkè, ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ni èyí. Odò Ògùn tí ó gba inú ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé kọjá, tí ó sì ń bomi rin oko yín, ọ̀sà Èkó ni ó ń tú sí. Ohun tí pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún irà náà ni igi kọ̀ọ̀kan tí a ń gé lóru ń ṣe fún igbó ọba. Ìyà kan náà ni yóò jẹ apẹja àti ẹni tí ń gbin kòkó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etí odò, kí wọ́n fi ojú rí igi àti ẹja kí wọ́n tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa gbogbo sì ṣe bákan náà ní ìpàdé ìkẹ́kọ̀ọ́ wọn. Èkejì, kí a tún òfin 1992 ṣe, kí a máa ka pulọ́ọ̀tì tí ó wà nínú irà kan náà pọ̀ ṣọ̀kan. Ẹ̀kẹta, kí a ya irà tí ó kù sọ́tọ̀, kí a sì fi àṣẹ rẹ̀ sí ọwọ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Lekki ní hẹ́kítà 78 tí a ń dáàbò bò láti ọdún 1990. Irà 11 ni Nàìjíríà ní tí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé àdéhùn Ramsar ti 1971. Ẹyọ kan kò sí nínú àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Irà yìí ni ilé tí Olódùmarè kọ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ kí ilé tó lọ.