Ìmọ́lẹ̀ Àtijọ́ Ni Ẹ Ń Wò

Ìbéèrè kan máa ń jẹyọ ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́, mo sì mọ̀ pé ó ti dé ilé ẹlòmíràn náà: bí ìmọ́lẹ̀ kan bá ti rìn fún mílíọ̀nù ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, báwo ni ayé ṣe máa jẹ́ ọmọ 6,000 ọdún? Ohun tí púpọ̀ nínú wa fi ń dáhùn ni, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́, má bá Ọlọ́run jà." Ọmọ náà á dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní bi wá ní nǹkan kan mọ́, Google ni yóò máa bi. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kò sí ohun tó yára tó ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ ó ń rìn ni. Ní ìṣẹ́jú àáyá 1, á ti rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà. Láti ibi oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú 8 ó lé díẹ̀ ni. Láti ibi Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn, ó lé ní ọdún 4. Àwa nọ́ọ̀sì mọ irú èyí dáadáa. Èsì àyẹ̀wò tó dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀jẹ̀ tí a fà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló ń sọ nípa rẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ òótọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Ẹ wá wo Orioni tí ìwé Jóòbù dárúkọ. Nígbà òtútù ní ìlú òyìnbó níbí, ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò bíi bẹ́líìtì lẹ máa fi dá a mọ̀. Èyí tó pọ́n díẹ̀ lókè wọn, lápá òsì, ni Betelgeuse. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ ojú yín ti gbéra láti bí ọdún 500 sẹ́yìn, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìràwọ̀ náà ti darúgbó, ó máa bú gbàmù lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ pé ó ti bú ní 100 ọdún sẹ́yìn, ìròyìn rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. (Àgùàlà tí àwọn àgbà wa ń pè ní ajá oṣù kì í ṣe ìràwọ̀ o. Òun náà ń yí oòrùn ká bí ayé wa yìí ni.)

Ní oṣù December 1995, Robert Williams, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń darí awò awọ̀nàjíjìn Hubble ní Baltimore, pinnu láti kọjú awò náà sí ibì kan tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ibẹ̀ kéré débi pé bí ẹ bá na ọwọ́ tí ẹ mú èérún iyanrìn kan dání, ó lè bò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbà á níyànjú pé kó má ṣe é. Owó ńlá ni wákàtí kọ̀ọ̀kan lórí awò yẹn, àwọn èèyàn sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí nítorí pé dígí rẹ̀ ní àbùkù nígbà tí wọ́n gbé e lọ sókè ní 1990, títí wọ́n fi lọ tún un ṣe ní 1993. Bí ó bá wá fi ọjọ́ 10 wo òkùnkùn lásán ńkọ́? Ó wò ó fún ọjọ́ 10. Ohun tó jáde nínú àwòrán náà tó nǹkan bíi 3,000, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ agbo ìràwọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìràwọ̀ tí a ń fi bílíọ̀nù kà. Nínú ìwọ̀n èérún iyanrìn kan!

Awò James Webb, tó gbéra lọ́jọ́ Kérésìmesì 2021, ti wò ré kọjá ibẹ̀. Ó ti rí ìmọ́lẹ̀ tó ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù 13 ọdún.

Ó yá, ìbéèrè ọmọ wa. Ẹ wá 6,000 yẹn nínú Bíbélì, ẹ ò ní rí i. Àwọn èèyàn ló ṣírò rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni ti James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Ireland, tó tẹ ìwé jáde ní 1650 pé ọdún 4004 ṣáájú ìbí Olúwa ni Ọlọ́run dá ayé. Ọ̀mọ̀wé ni, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe Ìwé Mímọ́, n kò sì rí ìdí tí ọmọ kan fi máa fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Georges Lemaître, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ní 1927, pé òfuurufú ń fẹ̀ sí i, àlùfáà Kátólíìkì ará Belgium ni, àlùfáà ló sì jẹ́ títí ó fi kú ní 1966. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ wa kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí. Ẹ jẹ́ ká máa jiyàn rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, kí wọ́n lè gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ìmọ́lẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 2.5 ọdún, agbo ìràwọ̀ Andromeda ni kí ẹ wá. Ìrọ̀lẹ́ October tàbí November ló dára jù, níbi tí iná títì kò dé, lálẹ́ tí kò sí òṣùpá. Ó rí bí èéfín funfun díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi fóònù wọn wá ibi tó wà, wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Kí ẹ sì wọ kóòtù o, òtútù yẹn kì í ṣe kékeré.