Ọwọ́ Ìyá Kò Tó Ilé Mọ́

Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí mo ti béèrè ọmọ yìí, ìyá kan wà níbẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí ó tó dáhùn pé, "A dúpẹ́." Òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, òun àti àwọn tí ń gbé ìtòsí rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn níhìn-ín, ọlọ́mọ mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya. Ó lè tó ogúnjọ́ kí wọ́n tó fojú kàn án. Àkọ́bí kò ju ọmọ ọdún 9 lọ, àbíkẹ́yìn ṣì ń mu ọyàn. Bí mo bá ń lọ pe ìrun Àsùbáà, iná ti tàn ní yàrá rẹ̀. Bí a bá kírun Ìṣáì tán, yóò ṣì máa fọ aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan a gbọ́ igbe. Ó ti fi orógùn tí ó fi ń ro àmàlà lu ọmọ títí apá ọmọ fi wú. Kí ni ọmọ ṣe? Ó da omi nù. Nígbà tí a wọlé, ẹkún ìyá pọ̀ ju ti ọmọ lọ.

Ẹ má tíì bú u. Èmi làdánì yìí, èmi ni mo máa ń lé àwọn ọmọ náà kúrò níwájú mọ́sáláṣí pé ariwo wọn pọ̀. Mo ń pe ènìyàn wá kírun, mo sì ń lé ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá tí kò rí àyè mí. Ní òru ọjọ́ náà ni Súrà Al-Mā'ūn wá sí mi lọ́kàn, ìkẹtàdínláàádọ́fà nínú Àlùkùránì, tí a fi ń kọ́ ọmọdé. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá àwọn kan wí tí wọ́n ń kírun, síbẹ̀ tí wọ́n ń fi ohun kékeré du ẹnìkejì wọn. Ibn Mas'ūd, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, túmọ̀ ohun kékeré náà sí irú nǹkan tí aládùúgbò máa ń yá ara wọn: àáké, ìkòkò, korobá. Mo bi ara mi pé, wákàtí méjì ńkọ́?

A kò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ o. Ilé-kéwú ti wà tẹ́lẹ̀, láti agogo mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kì í wá nítorí owó Ọjọ́rú. Àáfà ní kí wọ́n máa bọ̀, kí owó dúró ná. Ní ọjọ́ kìíní, ìyá kò mú wọn wá. Ojú ń tì í. Àfi ìgbà tí Ìyá Àdínì rìn dé ilé rẹ̀, tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, tí ó sì kó wọn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí èyí. A máa ń sọ pé, "Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ pè mí o." Ẹni tí ẹrù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà wo ni yóò rí àyè pe ẹnikẹ́ni?

Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ kò sí kéwú ní tiwa, ọjọ́ méjèèjì yìí ni ilé sì gbóná jù. Àwọn obìnrin àsàlátù ni wọ́n dá a lábàá pé kí a ṣe é bí àárò. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko mọ̀ ọ́n: òní oko mi, ọ̀la oko rẹ. Wọ́n kò bẹ ọ̀wẹ̀, nítorí ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò se oúnjẹ fún àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́. Ìyá tí kò rí ti ọmọ rẹ̀ sè, ọ̀wẹ̀ wo ni yóò bẹ̀? Ìyá mẹ́rin ni wọ́n. Ẹni tí ó bá kàn a kó gbogbo ọmọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé títí di Mọ̀gàríbì. Nígbà tí ó kan obìnrin wa yìí, ọmọ 11 ni ó kó jọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ojú kò ti tì í mọ́.

Kí ni ó ń fi àyè tí ó rí ṣe? Oorun ni! Ọkùnrin kan ní sọ́fù wa ń kùn pé a ń bá obìnrin gbé ọmọ kí ó lè sùn. Mo ní kí ó lọ gbé ọmọ tirẹ̀ ní ọjọ́ kan péré, kí ó padà wá bá mi sọ ọ́. Kò tíì padà wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó ọmọ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tiwa, kì í ṣe inú yàrá, obìnrin méjì ni ó sì ń wà níbẹ̀. A bá Àáfà náà sọ ọ́ pé kí ó gbé pàṣán rẹ̀ sókè àjà. Ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ orógùn, a kò lè fà á lé pàṣán lọ́wọ́.

Nígbà tí ọkọ dé, inú bí i. Ó ní ta ni ó sọ fún wa pé ìyàwó òun ń jìyà? Ìmáàmù pè é jókòó, wọ́n pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òun ni ó ń san owó Ọjọ́rú ọmọ rẹ̀ báyìí, Àáfà kò sì gba ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó gbé àpò àlùbọ́sà kan ti òkè Ọya bọ̀ fún àwọn obìnrin àárò. Ìyẹn náà ti fẹ́ di ìjà nísinsìnyí, nítorí wọn kò tíì gbà bí wọn yóò ti pín in.

Bí ẹ bá ní irú àárò yìí ní àdúgbò yín, ẹ kọ̀wé sí wa kí a gbọ́ bí ẹ ti ń ṣe é. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.