Yíyà Yàtọ̀ sí Ìfipamọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘gbà sílẹ̀’, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe iṣẹ́ méjì tí kámẹ́rà tí ń yára ya àwòrán ń ṣe ní yàrá ìṣèwádìí. Ó yẹ kí orúkọ iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá dà wọ́n pọ̀ lè pàdánù iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan.

Ní ti téèpù, ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. Ohùn tí téèpù bá gbà, orí téèpù náà ni ó ń wà; gbígbà àti ìfipamọ́ jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Ti kámẹ́rà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ya àwòrán 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní àmì tíńtín 1,024 ní ìbú àti 1,024 ní òró, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì kan, báìtì tí ó lé ní bílíọ̀nù kan ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ díìsìkì kò lè bá irú ìyára bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Nítorí náà, inú ìrántí kámẹ́rà ni àwòrán sábà máa ń kọ́kọ́ dé sí. Bí ìrántí náà bá kún, tuntun a máa pa ti àtijọ́ rẹ́, títí olùṣèwádìí yóò fi pàṣẹ pé kí ó dúró. Lẹ́yìn èyí ni yóò yan apá tí ó wúlò, tí ètò kọ̀ǹpútà yóò sì kó o sórí díìsìkì. Nínú ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, bí iná bá lọ kí èyí tó parí, àwòrán ti parẹ́ nìyẹn.

‘Sílẹ̀’ inú ‘kọ sílẹ̀’ àti ‘gbà sílẹ̀’ a máa fi ọkàn ẹni balẹ̀ pé nǹkan ti dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ti gba àwòrán sílẹ̀ lè pa á, kí ó sì máa lọ sílé.

Àgbẹ̀ kì í ṣe irú àṣìṣe yìí. Ó mọ̀ pé àgbàdo tí òun ti ká kò tíì dé àká. Òjò ṣì lè bà á jẹ́ lóko. Bákan náà ni kí ‘yà’ dúró fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ‘fi pamọ́’ sì dúró fún èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé fọ́tò nìkan ni ‘yà’ bá mu, àwọn ará ìlú ti dá a lóhùn: wọ́n ti ń sọ pé àwọn ń ya fídíò.

Orúkọ iṣẹ́ tí ó dára ni èyí tí ó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ ohun tí ó kù láti ṣe.