Táyà Ńlá, Èrè Kínkín

Tí òjò bá ti fọ́ ojú títì láti Dùgbẹ̀ dé Ẹlẹ́yẹlé, iṣẹ́ a máa pọ̀ lọ́wọ́ àwọn fọkanáísà agbègbè Jẹ́ríkò nílùú Ìbàdàn. Kì í ṣe táyà tó jò nìkan ni wọ́n ń lẹ̀. Àwọn tó ń gbé ní GRA, Ìdí-Ìṣìn àti Oníréke a máa gbé jíìpù wọn wá pé kí wọ́n bá àwọn yọ táyà tó bá ọkọ̀ wá láti iléeṣẹ́, kí wọ́n fi èyí tó ga, tó fẹ̀, tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun rọ́pò rẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń sọ: kòtò, àgbàrá, àti pé ó wuyì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ló dá mi lójú pé táyà ńlá lè ṣe fún yín.

Ẹ bẹ̀ ara táyà yín wò. Lára ọ̀pọ̀ Toyota Prado àti Hilux tó wà nígboro, ẹ ó rí 265/65R17. 265 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà. 65 ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, láti etí rímù dé ojú tó ń kanlẹ̀, ga tó ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 17 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, táyà náà ga ní mìlímítà 776 láti ilẹ̀ dé òkè. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n máa ń fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni 285/70R17, ìyẹn ga ní mìlímítà 831. Ó jọ pé ọkọ̀ ti fi 55 ga sí i. Àmọ́ àárín táyà ni ọkọ̀ dúró lé, kì í ṣe orí rẹ̀, nítorí náà ìdajì àfikún yẹn péré ni abẹ́ ọkọ̀ fi máa kúrò nílẹ̀: mìlímítà 27, tó fi bíńtín lé ní íǹṣì kan. Kòtò wo ní Ìbàdàn ni íǹṣì kan fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tí ẹ ó san fún íǹṣì kan yẹn kò kéré. Táyà tuntun náà fi ìdá 7 nínú 100 tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ kò sì mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí géèjì bá sọ fún yín pé 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí í ṣe òpin eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ilé lójú ọ̀nà márosẹ̀, 107 ni ẹ ń sá. Ẹ ó máa rò pé ẹ ń pa òfin mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe pé kó máa yí táyà tó fúyẹ́ ti wá ń yí èyí tó wúwo, tó sì ga: tí ẹ bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, gíà á máa wálẹ̀, epo á sì máa jó. Bíréèkì kò yí padà, àmọ́ iṣẹ́ tó ní láti ṣe ti pọ̀ sí i. Bíárìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, tí ojú títì wa ti ń fìyà jẹ tẹ́lẹ̀, tún gba ẹrù kún ẹrù. Tí ẹ bá wá yí sitíárìn dópin, táyà á ha mọ́gáàdì. Mẹ́káníkì á ní ìyẹn kò tó nǹkan, á fi ayùn rẹ́ ike abẹ́ mọ́gáàdì dànù, á sì gbowó iṣẹ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí àwọn iléeṣẹ́ fúnra wọn ń ta jíìpù tó ní táyà ńlá? Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí Ford mú Bronco padà dé ní 2020, ó ní ètò kan tó pè ní Sasquatch, tó ní táyà íǹṣì 35, fún ẹni tó bá fẹ́ fi owó kún owó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jeep gbé ti tirẹ̀ jáde fún Wrangler Rubicon, ó pè é ní Xtreme Recon, íǹṣì 35 bákan náà. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Jeep fi íǹṣì kan àbọ̀ gbé ara ọkọ̀ sókè, ó tún sọ́kì ṣe, ó yí gíà ìdí ọkọ̀ sí 4.56 kí ẹ̀rọ lè rí agbára yí rọ́bà náà, ó sì fún ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lágbára sí i nítorí pé ibẹ̀ ni sípíà so rọ̀ sí. Ford náà yí gíà ìdí, ó fi sọ́kì Bilstein sí i, ó sì fẹ mọ́gáàdì. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà kò lè rí ju táyà lọ. Fọkanáísà kò ní ọ̀kankan nínú ìyókù láti tà fún yín.

Nítorí náà, tí táyà ńlá bá jẹ́ dandan fún yín, bóyá ẹ ní oko lọ́nà Ìsẹ́yìn tàbí iṣẹ́ yín ń gbé yín wọ inú igbó, ẹ ra ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ ti fi sí lára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ẹ ṣe àròpọ̀ owó bíárìn, bíréèkì, epo àti ọjọ́ tí ọkọ̀ máa lò lọ́dọ̀ mẹ́káníkì, kí ẹ tó sọ pé èyí tí ẹ fẹ́ ṣe fúnra yín ló pọ́ọ́kú.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ra jíìpù kì í fiyè sí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ pè ní ńlá ló ń gbé ọkọ̀ ga. Ẹ wo Prado yẹn náà. Toyota ṣe é pẹ̀lú rímù 17, ó ṣe é pẹ̀lú 18, ó sì ṣe é pẹ̀lú 19. Ìwọ̀n táyà wọn ni 265/65R17, 265/60R18 àti 265/55R19. Ẹ ṣe ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 776, 775, 774. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn! Rímù ń tóbi, rọ́bà ń tín-ín-rín: mìlímítà 172 lára ti àkọ́kọ́, 159 lára ti èkejì, 146 lára ti ẹ̀kẹta. Rọ́bà yẹn àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gba ìyà kòtò kó tó dé ara rímù. Tí rọ́bà bá tín-ín-rín, etí kòtò á há a mọ́ rímù, okùn inú rẹ̀ á já, kókó á sì wú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó san owó rẹpẹtẹ kí ó lè gba rímù ńlá ti ra ohun tó dára lójú títì Dubai. Ní tiwa níbí, rímù tó kéré jù lọ nínú èyí tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí ni kí ẹ yàn, kódà bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá fẹ́ fi yín rẹ́rìn-ín. (Rímù 20 wuyì o. Èmi náà máa ń yíjú wò ó.)

Ti àgbàrá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa kò gbàgbé August 26, 2011, nígbà tí omi kún Ìbàdàn, tó wó afárá, tó sì gbé ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sọ́run. Omi tó ń ṣàn, tó jin tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, lè gbé ọ̀pọ̀ jíìpù kúrò lójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ló kún inú táyà. Bí ó bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe máa fẹ́ léfòó tó. Íǹṣì kan tí ẹ fi kún gíga ọkọ̀ lè fún yín láyà láti wọ omi tó yẹ kí ẹ dúró fún.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló yẹ ká sọ jù. Ní August 9, 2000, Firestone kéde ní Amẹ́ríkà pé òun ń gba táyà mílíọ̀nù 6.5 padà. Jíìpù Ford Explorer ni ọ̀pọ̀ wọn wà lára rẹ̀. Ojú táyà ń ya kúrò lára rẹ̀ lórí eré, ọkọ̀ ń yí gbirigbiri, ènìyàn tó lé ní 200 ló sì kú. Kí ìkéde náà tó wáyé ní Amẹ́ríkà ni Ford ti ń pààrọ̀ táyà fún àwọn oníbàárà ní Sáúdí Arábíà, níbi tí oòrùn ti mú bíi tiwa. Lára ohun tí wọ́n jà lé lórí ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́: Ford ti kọ 26 psi sára ọkọ̀, Firestone ní 30 ni ó yẹ. Tí ìyàtọ̀ mẹ́rin péré bá lè dá irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ṣe ọkọ̀ àti àwọn tó ṣe táyà, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní afẹ́fẹ́ tó le? Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á gbóná lórí eré títí á fi ya. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù á le gbagidi, kòtò á sì fọ́ ọ. Nílé wa níbí, ní March 6, 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kú nínú jíìpù lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ FRSC sọ pé táyà ló bẹ́, eré sì ti pọ̀ jù.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ọjọ́ orí táyà rẹ̀ kò dá lójú kò tíì ní ohun tó ń bá ìwọ̀n ńlá ṣe. Láti ìgbà tí Michelin ti ti iléeṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop Ìkẹjà náà sì dáwọ́ dúró lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá, tòkunbọ̀ sì kún inú wọn bẹ́ẹ̀ ni òfin kọ̀ ọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lópin ìlà rẹ̀: 1419 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 14 nínú ọdún 2019. Tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, ẹ má rà á, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹni tó ń tà á lè fọ̀ ọ́, ó lè kùn ún ní dúdú, nọ́ńbà yẹn kò ní yí padà. Tó bá sọ pé ó ti pa rẹ́ tàbí pé kò hàn dáadáa, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Lára òpó rẹ̀ ni bébà kékeré kan wà tí iléeṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn: ìwọ̀n táyà tó fọwọ́ sí, afẹ́fẹ́ tó yẹ fún ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ fi fóònù ya á. Bí ẹ bá lọ ra táyà, àwòrán yẹn ni kí ẹ fi hàn, kí ẹ sì tún wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n: 112 ń sọ pé táyà kan lè ru kìlógíráàmù 1,120, ẹ má gba èyí tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ọkọ̀ tó gbóná, ẹ fi géèjì tiyín wo afẹ́fẹ́, torí géèjì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò ṣe é gbára lé. Ẹ má gbàgbé sípíà. Ẹni tó pààrọ̀ mẹ́rin, tó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, máa ní táyà tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá jò, jíìpù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo kì í sì gba irú rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn: gíà àárín ni yóò san gbèsè náà, owó rẹ̀ sì ju ti táyà márùn-ún lọ dáadáa.