Ṣé Ìka ni a ó máa Tẹ̀ kí a tó Jẹun?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó sì dá a lábàá pé kí ilé oúnjẹ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ra ẹ̀rọ tí ń ka ìka ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹun lórúkọ ẹlòmíràn mọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ́wọ́ dún. Mo nawọ́ títí, alága kò rí mi. Bóyá ó tilẹ̀ rí mi, ebi ni ó ń pa á. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

N kò sọ pé ẹ̀rọ náà kò ní ọgbọ́n nínú. Àbúrò mi kan tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Àwọn òbí yóò ti san owó sílẹ̀; ọmọ yóò gbé ìka lé gíláàsì kékeré kan; ẹ̀rọ yóò wo ibi tí ìlà ìka náà ti yà àti ibi tí ó ti pin, yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà, yóò sì fi í wé èyí tí ó wà nípamọ́. Bí wọ́n bá bára mu, orúkọ ọmọ àti iye owó rẹ̀ yóò hàn. Owó kò ní í sọnù lápò, ọmọ tí ìjọba ń bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò sì tẹ ìka bí ọmọ olówó, ojú kò ní í tì í. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ọ̀rẹ́ mi fi gba àtẹ́wọ́, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n káàdì lásán lè ṣe gbogbo èyí. Bí káàdì bá sọnù, a ó gba òmíràn. Bí nọ́ńbà ìka mi bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ọjà wo ni mo ti fẹ́ ra ìka mìíràn?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti fi òfin dè é. Òfin wọn ti 2012 ní ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gba ìka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí ìwé. Bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá sì kọ̀, ó kọ̀ náà nìyẹn, ọ̀nà mìíràn ni a ó wá fún un. Síbẹ̀ ní 2023 ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Chelmsford fo ìka, ó bọ́ sí ojú: ojú ọmọ ni ẹ̀rọ ń wò kí ó tó sanwó oúnjẹ. Ní oṣù Keje 2024 ni àjọ tí ń ṣọ́ àṣírí ará ìlú bá wọn wí.

Ti Gdańsk, ní Pólándì, ni kò jẹ́ kí n sùn. Ní 2020, àjọ irú rẹ̀ níbẹ̀ bu owó ìtanràn 20,000 zloty lé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọmọ 680 ni ó ń tẹ ìka kí wọ́n tó jẹun, mẹ́rin péré ni kò tẹ̀. Ìlànà ilé oúnjẹ náà sì ni pé kí ẹni tí kò bá tẹ ìka lọ dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, kí àwọn tí ń tẹ̀ka wọlé tán ná. Àwọn òbí kúkú ti fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ kan ní Warsaw sì fagi lé owó náà ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Kí ó fagi lé owó. Ṣé ó lè fagi lé ìdúró àwọn ọmọ mẹ́rin náà, tí ọ̀sán pọ́n, tí ọbẹ̀ ń ta sánsán, tí ẹgbẹ́ wọn ń kọjá lọ níwájú wọn? Irú ìfọwọ́sí wo ni èyí, tí ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i yóò máa jẹ̀gbẹ̀yìn? Ẹni tí ebi ń pa kì í bá olóúnjẹ jiyàn.

Èdè ni mo ń kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èdè. Ta ni a máa ń sọ pé ó tẹ̀ka? (Mo yọ ìdìbò sílẹ̀, níbi tí olówó àti mẹ̀kúnnù ti jọ ń tẹ̀ ẹ́.) Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ni. Bàbá mi àgbà tẹ̀ka sórí ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi owó kòkó rán ọmọ lọ sílé ìwé kí ọmọ náà má baà tẹ̀ka. Wàyí o, àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé yunifásítì, wọ́n ní kí á wá tẹ̀ka nítorí ẹ̀wà.

Ìyá mi ń yan gààrí. Ẹ̀gẹ́ bíbó àti iná ti pa ìlà ìka rẹ̀ rẹ́. Ní ilé ìfowópamọ́ kan, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Akọ̀wé ní kí ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó nu ún títí. Nígbà tí ó délé, ó bi mí pé ṣé òun kọ́ ni òun ni.

Mo ti jẹ oúnjẹ ìjọba rí. Ní 2012 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo wà lára wọn. Ìyá tí ń bu oúnjẹ fún wa mọ̀ wá lórúkọ. Ó mọ ẹni tí kì í jẹ ẹyin, ó sì mọ ẹni tí ó ti jẹ tirẹ̀ tán tí ó tún padà wá tò. Ohun kan ṣoṣo ni ó máa ń bi wá: “Ṣé o ti fọwọ́?” Àwọn àgbà ní ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun; n kò gbọ́ pé wọ́n ní ọmọ tí ó bá mọ ìka tẹ̀. Mo mọ̀ pé yunifásítì kì í ṣe abúlé, olóúnjẹ kan kò sì lè mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lójú. Ẹ fún wa ní káàdì.

Ọ̀rẹ́ mi ti ní òun yóò dá mi lóhùn nínú ìwé wa tí ń bọ̀. Mo ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi: ọmọ tí ìka rẹ̀ rí bí ti ìyá mi, ibo ni yóò dúró sí lórí ìlà?